Ó Dojú Àlá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrọ̀rí, Ẹ̀rín àti Ìrántí Òkú

Nígbà tí àwa Yorùbá bá ń dágbére fún òkú, a máa ń sọ pé ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dúró rò wọ́n wò mọ́. Gbéré túmọ̀ sí pé ìpàdé ti parí. Àrìnnàkò túmọ̀ sí pé ó lè ṣẹlẹ̀ kí a ṣe kòńgẹ́ ara wa níbi tí a kò fọkàn sí. Ojú àlá nìkan ni ibi tí a lè pè ní ibi àdéhùn, nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní orí tí yóò gbé sùn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń dá àdéhùn yìí, ohun kan wà tí a kì í béèrè. Ta ni a ń retí gan-an lójú àlá náà? Ṣé ẹni tí ó kú ni, tòun ti gbogbo ìwà rẹ̀, tàbí ẹlòmíràn kan tí a ti fi ìyìn fọ̀, tí a ti fi ìyìn lọ̀, tí a wá ká sílẹ̀ bí aṣọ ọdún?

Inú ìwé kọ́ ni mo ti bá ìbéèrè yìí pàdé. Ìyá kan ni ó gbé e kò mí lójú, lẹ́yìn tí ó ti kú tán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ìlú Ìbàdàn ni ó gbé títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, Àlájà Onírọ̀rí sì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ọdún tí ó kọjá ni ó jáde láyé, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òkú àgbà ni, òkú tí a ń ṣe ìdúpẹ́ lé lórí. Síbẹ̀, ikú rẹ̀ dá àríyànjiyàn kan sílẹ̀ nínú ẹbí wa, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé bá mi yẹ àríyànjiyàn náà wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìyá yìí ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí èso igi àràbà bá gbó tí ó sì là, òwú inú rẹ̀ a máa fò kiri nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọdé a ṣa òwú náà wá fún Àlájà, òun náà a sì san owó fún wọn ní ìwọ̀n agbọ̀n. Òwú àràbà kì í ṣe òwú tí a lè ran. Ó kúrú, ó sì ń yọ̀, kò ṣeé fi hun aṣọ. Àmọ́ ó fúyẹ́, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi máa ń kó o sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí atukọ̀ rì nígbà kan rí. Àlájà a sá a sí oòrùn, a ṣa kóró àti èèpo kúrò lára rẹ̀, a sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nà án títí yóò fi wú. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú ewé efínrín, koríko ọba àti èèpo ọsàn gbígbẹ. Ibòòji ni ó máa ń sá ewé tirẹ̀ sí. Ó ní oòrùn a máa jí òórùn ewé kó. Yóò rún gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò dì í sínú àpò kékeré kan, yóò sì fi àpò náà sí àárín òwú kí ó tó rán ẹnu ìrọ̀rí pa.

Ẹ̀fọn ni ó ní òun fi ewé náà lé, ohun tí ó sì bọ́gbọ́n mu ni, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi efínrín àti èèpo ọsàn lé ẹ̀fọn. Bí ó bá dé orí ìpolówó nìkan ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Bí ẹni tí kò rí oorun sùn bá wá, Àlájà a ní ìrọ̀rí náà ń fa oorun. Bí ìyàwó ọ̀ṣìngín bá wá, a ní yóò máa rí ọmọ lójú àlá. Bí opó tí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ bá wá, a ní olóògbé yóò máa wá kí i lóru. Bí opó tí kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ bá wá, a rẹ ohùn sílẹ̀, a ní òórùn efínrín yìí, òkú kankan kò lè dúró níwájú rẹ̀. Ìrọ̀rí kan náà ni. Iye kan náà ni ó sì ń tà á, àfi bí ó bá rí i pé ẹni náà wọ bàtà tí ó dára.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé, “Àlájà, ṣé ìrọ̀rí yín mọ ẹni tí ó yẹ kí ó pè àti ẹni tí ó yẹ kí ó lé ni?” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ni o kà. Orí tí ó bá sùn lé e ni ó mọ̀.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í sùn lé ìrọ̀rí tirẹ̀. Efínrín máa ń mú un sín. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ó ká ní ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń fi rọrí, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ níta.

Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sílé. Nínú ẹrù rẹ̀ ni àwọn ìrọ̀rí kéékèèké wà, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán láti fi ṣe ìrántí Àlájà. Ó pín wọn fún àwa ọmọ àti ọmọ ẹbí. Ó ṣàlàyé pé ìrọ̀rí àlá ni wọ́n ń pè é ní ọ̀dọ̀ àwọn, pé abẹ́ ìrọ̀rí gidi ni a ń fi í sí, àti pé ewé inú rẹ̀ yóò jẹ́ kí a lá àlá Àlájà ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀.

Àwa tí a gbọ́ wo ara wa lójú. Ó dà bí ẹni pé Àlájà ti rí ọjà rẹ̀ tà dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó lọ. Àṣà àwọn Òyìnbó fúnra wọn ni èyí, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá a. Ewé àti òdòdó gbígbẹ tí wọ́n gbà pé ó ń fa oorun tàbí àlá ni wọ́n ń dì sínú àpò sí abẹ́ orí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni lavender, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí òórùn rẹ̀ dùn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hù ní ilẹ̀ wa, orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí láti ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà lọ́fínńdà, tí a fi ń pe gbogbo òróró olóòórùn dídùn, ti wá. Òmíràn ni rosemary, ewé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ṣe ewé ìrántí láti ọjọ́ pípẹ́. Shakespeare fi í sí ọwọ́ Ophelia nínú eré Hamlet gẹ́gẹ́ bí àmì ìrántí. Ní Australia títí di òní, ewé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi há àyà ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin láti rántí àwọn ọmọ ogun wọn tí ó kú, pàápàá àwọn tí ogun Gallipoli pa ní 1915. Ẹ̀kẹta ni hops, òdòdó tí àwọn tí ń pọn bíà fi ń mú kí ó korò.

Ibi tí ó ti dárúkọ bíà ni ẹ̀rín ti sọ. Àlájà tí kì í jẹ́ kí ìgò bíà kọjá ní iwájú ilé rẹ̀! Àlájà tí ó lé ọkọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú pálọ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nítorí òórùn ẹnu! Òun ni a wá fẹ́ fi èròjà bíà pè láti ọ̀run. Ẹnìkan ní bí ó bá tilẹ̀ wá, ìbínú ni yóò fi wá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, a kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ omi ẹ̀rín àti èyí tí ó jẹ́ omi ẹkún mọ́.

Bàbá kan tí ó jẹ́ àgbà ẹbí ni ó pa wá lẹ́nu mọ́. Ó ní òkú kì í ṣe ohun àpárá. Ó ní bí a kò bá ní ire láti sọ, kí a dákẹ́. Àdúrà sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pa á láṣẹ pé kí a san gbèsè òkú kí a tó pín ogún rẹ̀. Nítorí náà, àkọ́bí Àlájà dìde, ó tún ìkéde tí ó ti ṣe ní ọjọ́ ìsìnkú ṣe. Ó ní bí ìyá òun bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí olúwarẹ̀ wá bá òun. Kò sí ẹni tí ó fọhùn. Lẹ́yìn náà ni ìyìn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Àlájà kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní kò pariwo rí. Wọ́n ní kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, mo rí i pé ìyá tí mo mọ̀ ń jìnnà sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé lọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Lójú mi báyìí ni wọ́n ti ń gbẹ́ ère náà.

Àbúrò mi obìnrin kan jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìrọ̀rí kékeré ti Lọ́ńdọ̀nù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ Àlájà, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó sì fi bá a rán ìrọ̀rí. Àdéhùn wọn ni pé Àlájà yóò máa fi owó díẹ̀ pamọ́ fún un lóṣooṣù, kí ó lè fi ra màṣíìnì ìránṣọ nígbà tí ó bá dàgbà. Nígbàkigbà tí ó bá béèrè, Àlájà a ní, “Owó rẹ ń sùn. Jẹ́ kí ó sùn. Owó tí ó bá sùn dáadáa ni í sanra.” Ó lọ sílé ọkọ láìrí màṣíìnì náà. Nígbà tí Àlájà kú, ó ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ọmọ ṣe, ṣùgbọ́n a kò rí omi lójú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ le.

Nígbà tí wọ́n sọ pé Àlájà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí, ó gbé ojú sókè. Pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni pé kò sí ìrọ̀rí tí ó dára tó ti Àlájà ní gbogbo Ìbàdàn. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí owó mi ti sùn lé e, kò tíì jí.”

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni àbúrò Àlájà, ìyá arúgbó tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó fi etí gèlè bo ẹnu, ó ní, “Àlájà gan-an nìyẹn! Bí ó ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn!” Ẹ̀rín náà sì ràn wá, ó ran àwọn ọmọ olóògbé pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà fi Àlájà hàn wá bí a ti mọ̀ ọ́n: bí ó ti ń rọ́ abẹ́rẹ́ bọ irun, bí ó ti ń fi ojú kan wo ẹni tí ó ń béèrè owó. Kò sí èyí tí ó mú un wá sí àárín wa bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìyìn tí a ti gbọ́. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, a rí i pé àbúrò mi ń sunkún. Ẹkún ogójì ọjọ́ ni.

Bàbá àgbà náà dìde, ó ní a ti fi òkú ṣẹ̀sín, ó sì lọ sílé láìjẹun.

Èmi kò fojú kéré ìbínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó fún wa kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè Látìn tí ó jọ ọ́, pé ire nìkan ni kí a máa sọ nípa òkú, àwọn Gíríìkì sì ti ka irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sí Chilon, ọlọ́gbọ́n ará Sparta, lọ́rùn. Ìsìláàmù kọ̀ fún ènìyàn láti máa bú òkú. Ìdí pàtàkì sì wà fún gbogbo èyí. Òkú kò lè fèsì. Bí a bá fi alààyè ṣe ẹ̀fẹ̀, ó lè yí ìwà rẹ̀ padà, ó lè gbèjà ara rẹ̀, ó sì lè fi tiwa náà ṣe ẹ̀fẹ̀ padà. Ohun tí ń mú kí ẹ̀fẹ̀ jẹ́ eré nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ tí a fi òkú ṣe kò lè tún òkú ṣe, òkú kò sì lè dá a padà. Kí ni èrè rẹ̀ nígbà náà? Ṣé kì í ṣe pé a dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó wa mọ́ kí a tó sọ ohun tí a kò lè sọ lójú rẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ báyìí ni, bàbá náà jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìhà kejì. Ìyìn pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí òkú kò lè fèsì sí. Bí Àlájà bá jókòó ní àárín wa lọ́jọ́ náà, tí ó gbọ́ pé òun kò pariwo rí, èmi mọ̀ pé yóò pariwo. Ẹni tí ó sọ pé kò bínú rí ti mú ìbínú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ìbínú náà sì wà lára ohun tí ó fi tọ́ ọmọ márùn-ún nígbà tí kò sí ọkọ nílé. Òwe wa sọ pé òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyìn òkú máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ara wa ni a ń yìn. A ń fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ ẹni rere ni wá, a sì ń fẹ́ kí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nípa tiwa lọ́la kọ́ bí a ti ń ṣe é.

Àṣà wa kò fi ìgbà gbogbo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ nígbà kan rí, wọ́n ní àṣà ìsìnkú kejì tí wọ́n ń pè ní àkó. Wọ́n a gbẹ́ ère tí ó tó ènìyàn ní ìdúró fún òkú ọlọ́lá, wọ́n a wọ aṣọ olóògbé fún un, wọ́n a sì gbé e yí ìlú ká. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà wa, agbẹ́gilére kì í wá bí ojú ẹnìkan ṣe rí gan-an. Ìwà àti ipò ẹni náà ni ó ń gbẹ́. Ṣùgbọ́n ti àkó yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jọ òkú, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè rí i kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bí a óò bá tilẹ̀ dère lọ́jọ́ ikú, ó yẹ kí ère náà jọ wá.

Oríkì pẹ̀lú ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyìn nìkan ni oríkì. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí i dáadáa yóò gbọ́ ìjà tí a kò parí, yóò gbọ́ àléébù ara, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọtí ju bí ó ti yẹ lọ. Karin Barber, ẹni tí ó ṣe ìwádìí oríkì ní Òkukù, sọ èyí di mímọ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991, pé oríkì a máa pa ohun tí ó yani lẹ́nu àti ohun tí kò dùn ún gbọ́ mọ́ pọ̀ mọ́ ògo. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń kì wá, orí wa a máa wú. Kò wú nítorí pé wọ́n ní àwọn baba wa kò ní àbùkù. Ó wú nítorí pé a gbọ́ orúkọ ènìyàn gidi kan, ẹni tí kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ìyìn lè bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn mu. Wíwó ẹsẹ̀, àhun owó, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan máa ń tẹnu mọ́, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n bá mu.

Ohun mìíràn sì tún wà tí ó wúwo ju èyí lọ. Àkọ́bí Àlájà béèrè gbèsè ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí ìdáhùn. Kì í ṣe pé kò sí gbèsè. Ìyìn ni ó dí ọ̀nà. Nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé òkú kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹni tí òkú rẹ́ jẹ kò ní ibi tí yóò dúró sí. Bí ó bá sọ ọ́, ọ̀tá òkú ni. Bí ó bá dákẹ́, irọ́ ni ó ń gbà láàmín. Kò sì lè sunkún, nítorí ẹni tí a ní kí ó sunkún rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó mọ̀. Ẹ̀rín ni ó ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ó jẹ́ kí àbúrò mi sọ òtítọ́ láìgbé ẹjọ́ kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ olóògbé gbọ́ ọ láìsí ìtìjú. Òótọ́ korò, gbogbo ayé ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni ó jẹ́ kí a lè gbé e mì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo òkú ni a lè fi rẹ́rìn-ín. A kì í fi òkú ọ̀fọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ikú mú ní ọ̀sán gangan kò tíì gbé ìgbésí ayé tí ẹ̀rín lè dúró lé. Bákan náà, ìkà tí ó ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ kò yẹ ní ẹni tí a ń fi àwàdà bò, nítorí ẹ̀rín irú èyí ìyìn ni, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni. Ó sì yẹ kí a mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní ẹ̀tọ́ náà, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ dùn, òun náà sì ni ó wẹ ẹsẹ̀ Àlájà nígbà tí kò lè rìn mọ́. Àlejò tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀gàn ni yóò jẹ́. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí: ṣé a lè sọ ọ́ lójú olóògbé nígbà ayé rẹ̀, kí òun náà sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí ó bá ti fi wá bú tán? Bí a bá lè sọ ọ́, kí a sọ ọ́. Bí a kò bá lè sọ ọ́, bàbá àgbà jàre, kí a dákẹ́.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí. Òórùn lágbára lórí ìrántí, nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà wọ inú ọpọlọ sún mọ́ ibi tí a ń tọ́jú ìrántí àti ìmọ̀lára sí gan-an. Àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Mannheim ní Jámánì yẹ èyí wò. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n fẹ́ òórùn sí imú àwọn obìnrin tí ó ń sùn. Òórùn bí ti òdòdó rose mú kí àlá wọn dùn sí i, òórùn bí ti ẹyin tí ó bàjẹ́ sì mú kí ó burú. Ṣùgbọ́n òórùn náà kì í sábà fara hàn nínú àlá fúnra rẹ̀. Èyí jẹ́ pé ewé lè mú kí ọkàn sùn ní ìrọ̀rùn. Òye mi ni pé kò lè yan ẹni tí yóò wọlé, kò sì lè yan ohun tí yóò sọ. Orí tí ó bá sùn lé e ni ó mọ̀.

Mo fi ìrọ̀rí Lọ́ńdọ̀nù sábẹ́ orí mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo sùn dáadáa, n kò rí ẹnikẹ́ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni Àlájà wá. Kò wọ aṣọ funfun, kò súre fún mi, kò sì sọ bí ọ̀run ti rí. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó bi mí pé níbo ni àlùmọ́gàjí òun wà.

Mo jí, mo tan iná, mo sì rí i nínú àpótí mi. Mo ti yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ikú rẹ̀, n kò sì dá a padà. Gbèsè ni, èmi náà sì wà nínú ilé nígbà tí wọ́n ń yìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú un lọ fún àkọ́bí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun kò ṣì í ṣe. Kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n mú un lọ fún àbúrò mi, nítorí wọ́n ti gbé màṣíìnì rẹ̀ dé ní àná, kò sì tíì ní ohun tí yóò fi gé aṣọ.